Ohùn Inú Fóònù Bàbá Mi

Inú ń bí mi títí di òní, mi ò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó mọ̀ mí ní Kàbà mọ̀ pé ìbínú mi kì í pẹ́ dé, kì í sì í tètè lọ. Àbúrò ìyá mi a máa sọ pé ká ní ata ni mí, ẹyọ mi kan á tó odindi ìkòkò ọbẹ̀. Kò burú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, kí ẹni tí inú rẹ̀ tutù bí omi àmù wá gbọ́ ọ, kó wá sọ fún mi bóyá òun kò ní bínú.

Ayewa, ní ilẹ̀ Bùnù, ni bàbá mi ń gbé. Àgbẹ̀ ni. Òun náà ló máa ń ka Bíbélì fún ìjọ wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò gba owó, kò gba oyè. Ohùn rẹ̀ ni wọ́n fẹ́, ohùn tí kì í kánjú, tí í dúró níbi tó yẹ kó dúró. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Egbe, wọ́n ní kí a ní sùúrù kí nǹkan funfun inú ẹyinjú rẹ̀ gbó tó kí wọ́n tó lè yọ ọ́. Lẹ́tà Bíbélì di èèrà lójú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń díbọ́n, ó ń há a sórí ní àárín ọ̀sẹ̀, á wá dúró níwájú ìjọ á máa ṣí ojú ìwé tí kò rí.

Èmi ni mo ra fóònù ojú gbòòrò fún un. Mo fi Bíbélì sínú rẹ̀, mo sì sọ lẹ́tà rẹ̀ di gàdàgbà, débi pé ẹsẹ kan péré ló ń gba ojú fóònù náà. Bó ṣe padà di ẹni tó ń kàwé nìyẹn. Mo rántí ọjọ́ tó kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò fa ọ̀rọ̀ náà sókè, tó rẹ́rìn-ín, tó fi ìkíni ilẹ̀ wa kí mi, tó ní, "Òkun o, ọmọ mi. O dá ojú mi padà fún mi." Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ pé fóònù lásán ni. Láìsí i, bàbá mi kò lè kàwé mọ́ nínú ìjọ, kíkàwé nínú ìjọ ló sì kù tó ń ṣe tí ọkùnrin tó kéré sí i lọ́jọ́ orí kò lè ṣe jù ú lọ.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ìwé kan ní Kàbà. Àwọn kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn aláǹtakùn ló ń lò wọ́n. Pátákó ni mo fi ń kọ́ni, ṣọ́ọ̀kì ni mo fi ń ya gbogbo ohun tí àwọn ọmọ kò fọwọ́ kàn rí. Ọjọ́ Ajé kan, mo wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí nígbà tí àbúrò ìyá mi pè mí láti Ayewa. Mùsùlùmí ló fẹ́, ó sì ti di tiwọn tọkàntọkàn.

"Haba!" ló kọ́kọ́ sọ. "Ṣé o ò tíì gbọ́? Àní àwa tí à ń lọ mọ́ṣáláṣí ti gbọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ní Àìkú àná, bàbá mi dúró níwájú ìjọ, ó ń ka ẹ̀kọ́ kejì, fóònù rẹ̀ wà nítòsí gbohùngbohùn. Ní àárín ẹsẹ, ìpolówó kan yọ, ó bo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run mọ́lẹ̀. Àwòrán kọ́ ni ìjọ rí, ohùn ni wọ́n gbọ́. Ohùn obìnrin ni, irú èyí tí kò yẹ kó kọjá inú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Gbohùngbohùn sì gbé e, ó sọ ọ́ fún ìjọ, fún igi kajú ìta, fún àwọn tó ń kọjá lọ sóko lójú títì. Bàbá mi rò pé ẹnì kan ló ń pe òun. Ó tẹ ohun tó rí, òmíràn ṣí, ó tún pariwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Àmì tí wọ́n fi ń ti nǹkan náà kéré ju ọkà jéró lọ, igun òkè ni wọ́n fi pamọ́ sí, fún ẹni tí kò rí lẹ́tà Bíbélì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọmọdé kan bi ìyá rẹ̀ sókè pé kí ló ń dun obìnrin náà. Alága ìgbìmọ̀ ìjọ ló dìde níkẹyìn, tó fa wáyà gbohùngbohùn yọ.

Kí ọjọ́ náà tó ṣú, ìgbìmọ̀ ti jókòó. Wọ́n ní kí bàbá mi lọ jókòó sẹ́yìn ná. "Ná" yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹni tó ń lé èèyàn jáde tí kò fẹ́ kí a sọ pé òun lé e ló máa ń sọ "ná". Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá ń wò ní kọ̀rọ̀ ni fóònù rẹ̀ ń gbé jáde ní gbangba. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n irọ́ tó bá ti dún bí òwe, lẹ́nu àgbà, ó ti di òtítọ́ nìyẹn.

Ọjọ́ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ayewa. Eruku pa mí láró títí dé ìpéǹpéjú, mi ò tilẹ̀ dúró wẹ ojú. Bàbá mi wà lábẹ́ igi kajú ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa èbù iṣu.

"Òkun o, bàbá."

"Òkun o, ọmọ mi. Ṣé gbogbo ulé dáa?"

"Fóònù yín dà?"

Ó fi èbù ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí inú ilé. Ó ti pa á, ó ti fi àkísà wé e, ó sì ti kì í bọ abẹ́ àjà níbi tí a ń kó kóró àgbàdo sí. Ó ní òun kò fẹ́ kí ó tún fọhùn nínú ilé òun. Nígbà tí mo mú un sọ̀kalẹ̀, ó yí ojú rẹ̀ sápá kan, bí ẹni tí a fẹ́ tú ọgbẹ́ rẹ̀. Bàbá mi tí kò ṣojo rí. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ìbínú kò fún ẹkún láyè.

Mo tan án, mo kọ́kọ́ ti dátà rẹ̀ pa, kí ohun yòówù tó wà nínú rẹ̀ má lè ráńṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lóde. Mo pa fóònù náà, mo tún tan án lọ́nà tí kò fi ní gbé nǹkan kan jí àyàfi àwọn tó bá a wá láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Bí fóònù bá jí báyìí, gbogbo àlejò inú rẹ̀ á máa sùn, a ó sì lè wò wọ́n lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo lọ sínú sẹ́tíǹgì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka áàpù tó wà níbẹ̀. Bíbélì wà. Rédíò wà. Ìwé orin kan wà tí èmi kò fi síbẹ̀, ó kún fún orin àwọn ará àtijọ́ ní èdè wa. Lẹ́yìn rẹ̀ ni mo rí òmíràn tí kò ní àwòrán lójú fóònù rárá, àfi kí o wá a dé ìsàlẹ̀. Ó pe ara rẹ̀ ní afọ-fóònù. Ó ní iṣẹ́ òun ni láti pa kòkòrò.

Mo bi bàbá mi léèrè bí èyí ṣe wọlé. Ó ní ọjọ́ kan tí òun ń kọrin nínú ìwé orin náà ni nǹkan pupa kan yọ, tó ní kòkòrò ti wọ fóònù òun, kí òun tẹ ibẹ̀ kí àwọn bá òun fọ̀ ọ́. Ó sì tẹ̀ ẹ́, bí èyí tó lúgọ sínú ìwé orin náà ṣe jáde nìyẹn. Bàbá mi kì í rí koríko kan ṣoṣo lẹ́bàá poro kó má fà á tu. Ẹni tó kórìíra ìdọ̀tí ni wọ́n fi ìmọ́tótó mú. Ẹnì kan wà níbì kan, tí iná mànàmáná kì í kú mọ́ lójú, tó jókòó, tó ro èyí, tó ṣe é, tó ń jẹun lórí rẹ̀. Bí mo bá mọ ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ ni ǹ bá fi rìn débẹ̀.

Nígbà tí mo ní kí afọ-fóònù yìí jáde, ó ní mi ò lè lé òun. Ó ti gba àṣẹ onílé lọ́wọ́ bàbá mi láìjẹ́ kó mọ̀. Ó ti gba àṣẹ láti máa yọjú lórí ohunkóhun tí bàbá mi bá ń kà. Mo wá ibi tí àṣẹ wọ̀nyẹn wà, mo gbà wọ́n kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tún padà, mo yọ ọ́. Mo yọ ìwé orin náà tẹ̀ lé e. Mo ti ilẹ̀kùn tí fóònù fi ń gba áàpù láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó bá ti kànkùn. Lẹ́yìn náà ni mo tan dátà, mo jẹ́ kí ẹ̀ṣọ́ inú fóònù náà fúnra rẹ̀ yẹ gbogbo kọ̀rọ̀ wò, mo sì pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀.

"Ṣé ó ti kú?" ni bàbá mi béèrè.

"Ó ti kú, bàbá. Ta ló fún yín ní ìwé orin yẹn?"

Ó mú èbù iṣu kan, ó yí i wò lọ́tùn-ún lósì. "Ẹni tó fún mi lórin kò fún mi ní ẹ̀gàn," ló wí, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò ìyá mi ló sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo lọ kí i. Alága ni. Ọjọ́ ìkórè, lẹ́yìn ìsìn, lábẹ́ igi kajú, ni alága gbé ìwé orin yìí jáde nínú fóònù tirẹ̀, tó ń pín in fún àwọn àgbà ìjọ. Kí ẹni tí kò bá mọ Ayewa má rẹ́rìn-ín. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibẹ̀ kò ju èyí tó lè gbé ìpè àti ìpolówó lọ; kó tó lè gbé áàpù wọlé, àfi kí o gun àpáta ẹ̀yìn ilé ìwé. Torí náà láti fóònù sí fóònù ni wọ́n ń fún ara wọn ní nǹkan, láìná dátà kankan. Bí àgbà bá sì na obì sí ọ, o kì í bi í pé igi wo ló ti ká a. O máa ń kúnlẹ̀ ni, o máa ń dúpẹ́. Bí wọ́n ṣe gbà á nìyẹn, gbogbo ìgbìmọ̀ pátá, tìdùnnú-tìdùnnú, bàbá mi pẹ̀lú wọn.

Ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn, mo tẹ̀ lé wọn wọ yàrá tí ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé. Bàbá mi kò fẹ́ kí n lọ. Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ kí wọn dáadáa, kí wọ́n má baà sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà mo dìde, mo sì gbé fóònù bàbá mi sórí tábìlì. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ohun tí bàbá mi ń wò ló yọ sí i. Mo ní inú ìwé orin tí wọ́n pín lọ́jọ́ ìkórè ló gba wọlé.

"Ẹ̀yin bàbá mi," ni mo wí, "ẹ dákun ẹ gbé fóònù tiyín náà sórí tábìlì, kí n fi hàn yín."

Kò sí ẹni tó gbé tirẹ̀ síbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀kan lọ sí àpò agbádá rẹ̀, ó dúró síbẹ̀. Ẹlòmíràn jókòó lé tirẹ̀. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ ojú ẹni tí kò mọ nǹkan kan: ojú rẹ̀ á máa bi ọ́ léèrè. Ojú àwọn bàbá wọ̀nyí kò bi mí léèrè kankan. Wọ́n mọ̀. Wọ́n ti ń rí i. Ó ti ń yọ sí wọn nínú yàrá wọn, lóko wọn, lójú àwọn ìyàwó wọn, wọ́n sì mọ̀ dájú pé àwọn kò pè é. Síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n sì dá bàbá mi lẹ́bi.

Alága ló fọhùn. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó ń ṣàánú mi. "Ọmọ wa, fóònù tiwa kọ́ ló fọhùn nínú ulé Ọlọ́run."

Mo gbé fóònù bàbá mi, mo jáde. Bí mo bá dúró sí i, mo mọ ohun tí ẹnu mi ì bá sọ. Bàbá mi bá mi wí lójú ọ̀nà, ó ní mo dójú ti àwọn àgbà. Inú bí mi sí òun náà. Mo ní, "Wọ́n dójú tì yín, ẹ dákẹ́. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù jáde, ẹ bínú!" A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi dá fóònù rẹ̀ padà fún un, tí mo gun ọ̀kadà padà sí Kàbà.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àwọn àgbà ìjọ kan náà, ní ọjọ́ ọjà Kàbà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò ní bi wọ́n pé kí ni wọ́n wá ṣe nígboro. Ẹni àkọ́kọ́ gbé iṣu wá. Ó ní òun kàn ní kí òun yà kí mi ni, pé kí n sì bá òun wo fóònù òun, bátìrì rẹ̀ ń tètè kú. Mo ṣí i. Ìwé orin wà, afọ-fóònù wà. Mo ní, "Bàbá, bátìrì kọ́." Ó ní ìyàwó òun ló máa ń gbé e lọ́wọ́. Òmíràn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní tòun ń gbóná bí ààrò, ẹ̀gbọ́n òun tó wá kí òun láti Kiri ló sì bà á jẹ́. Kò sí ẹni tó dárúkọ ohun tó ń rí. Gbogbo wọn ló ní ẹnì kan tí wọ́n dì í rù. Bàbá mi, tó mọ ẹni tó fún òun dájúdájú, kò di nǹkan kan ru ẹnikẹ́ni.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù. Mo ní mi ò ní bá wọn ṣe é, kí fóònù wọn máa fọhùn lọ, kí ó fọhùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kí ó fọhùn nílé òkú. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Bá wọn ṣe é," ló wí. "Ṣé o fẹ́ kí ojú ti ẹlòmíràn náà bí ojú ṣe tì mí ni? Kò dára. Mo ti wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi ṣe é. Kì í ṣe torí pé mo gbà.

Alága ló wá kẹ́yìn. Kò wá sílé mi, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ló ti dúró dè mí, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní ọmọ-ọmọ òun ló ń fi fóònù òun ṣeré. Gbogbo ọmọ-ọmọ alága ni mo mọ̀, Àbújá ni wọ́n wà, Kérésì ni wọ́n ń wá. Mo béèrè pé èwo nínú wọn. Ó na fóònù náà sí mi. Bí mo ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nǹkan náà yọ, ohùn náà jáde lọ́wọ́ mi, lójú àwa méjèèjì. Alága yí ojú sí pápá tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó ń wo bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ó sanwó wọlé. Mo fẹ́ la fóònù náà mọ́ òpó. Mo fẹ́ bi í bóyá mo lè gbé e dúró síwájú gbohùngbohùn. Mo yọ gbogbo rẹ̀ dànù, mo ti ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sọ fún un pé kó má gba áàpù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kó má sì fún ẹnikẹ́ni. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo fẹ́ dá a padà, ó ní, "Ọmọ wa, dákun bá mi sọ lẹ́tà Bíbélì rẹ̀ di ńlá bí ti bàbá rẹ. Ojú èmi náà ti ń ṣú." Mo ṣe ìyẹn náà.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n lọ bá bàbá mi. Ìsinmi ilé ìwé ti dé, mo wà nílé. Wọ́n jókòó, a gbé omi fún wọn. Alága ní ìgbìmọ̀ ti ronú, wọ́n sì ti dárí jì í, kó padà wá máa kàwé fún ìjọ. Àwọn yòókù ṣe àmín.

Bàbá mi gbé orí sókè. "Ẹ ṣeun. Kí ni mo ṣe?"

Ẹnì kan nínú wọn gbé ife omi rẹ̀ sẹ́nu.

"Ẹ ní ẹ dárí jì mí. Mo ní, kí ni mo ṣe?" Kò pariwo. Ohùn tó fi ń kàwé náà ló fi sọ ọ́. "Bí mi ò bá ṣe nǹkan kan, mo ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́. Ibi tí ìjọ ti gbọ́ ohùn yẹn ni kí ẹ dúró sí, nínú gbohùngbohùn kan náà, kí ẹ sọ fún wọn pé kì í ṣe ohun tí mò ń wò. Ẹ má dárúkọ ẹnikẹ́ni. Èmi náà kò ní dárúkọ. Kí ẹ sáà sọ pé kì í ṣe tèmi."

Alága wo ilẹ̀. Ó ní wọ́n á bi wọ́n pé ti ta ni nígbà náà. Ó ní kí a má dá ìjọ rú, ọ̀rọ̀ tó ti ń sùn, kí a jẹ́ kó máa sùn. Ó ní kí bàbá mi ṣe bí àgbà. Bàbá mi ní ó dáa. Ó dìde, ó sìn wọ́n dé ojú títì bí a ti ń sin àlejò, ó sì kí wọn pé ó dàárọ̀.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Àìkú tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi jókòó sórí bẹ́ńṣì ẹ̀yìn lẹ́bàá ilẹ̀kùn, níbi tí àwọn abiyamọ ń jókòó sí kí wọ́n lè tètè gbé ọmọ jáde. Mo jókòó tì í. Nígbà tí ẹ̀kọ́ kejì kàn, alága ló jáde. Ó gbé fóònù rẹ̀ sítòsí gbohùngbohùn, ó fi àtàǹpàkò fa ọ̀rọ̀ sókè, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi gàdàgbà. Nǹkan kan kò yọ sí i. Ohùn kankan kò jáde.

"Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ kejì parí," ni alága wí.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," ni gbogbo ìjọ dáhùn, bàbá mi pẹ̀lú wọn.

Èmi kò dáhùn.